Igi Ìbòòji Wo Ló Yẹ Ilẹ̀ Oníyanrìn Tí Kò Lọ́ràá?

 

Ìbéèrè ìyá kan ló bí ọ̀rọ̀ òní. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n. Aṣọ ni wọ́n ń tà ní ọjà Waterside, nílùú Monrovia, lórílẹ̀-èdè Làìbéríà. Ilé tí wọ́n yá kò jìnnà sí ọjà náà, ó wà nísàlẹ̀, lápá ibi tí odò Mesurado ń gbà kọjá. Wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa:

“Ọmọ mi, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mi kò ju iyanrìn lọ. Mo gbin píà, ó kú. Mo tún òmíràn gbìn, òun náà kú. Oòrùn ń pa àwọn ọmọ-ọmọ mi. Abẹ́ páànù kò ṣeé jókòó sí lọ́sàn-án. Igi wo ni mo lè gbìn tí kò ní kú, tí yóò sì tètè fún wa ní ìbòòji?”

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Bàdágírì, ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kkí, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ àti ní Kútọnu náà mọ irú iyanrìn tí ìyá ń sọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí gbogbo yín gbọ́ ìdáhùn náà.

Ní kúkúrú: lórí ilẹ̀ tí kò lọ́ràá, ẹ má fi igi tó ń yára dàgbà tàbí èyí tí èso rẹ̀ dùn ṣe ìbéèrè àkọ́kọ́. Ẹ kọ́kọ́ wá igi tí ara rẹ̀ gba omi àti iyanrìn ibẹ̀, tí ewé rẹ̀ yóò sì máa bọ́ ilẹ̀ náà. Nígbà tí ewé yẹn bá sì wọ̀, ẹ má sun ún.

KÍ LÓ PA PÍÀ ÌYÁ?

Kì í ṣe pé ọwọ́ ìyá kò dára, kì í sì í ṣe ayé ló ṣe é. Omi ni.

Monrovia wà lára àwọn olú-ìlú tí òjò ti ń rọ̀ jù lọ láyé. Òjò ibẹ̀ máa ń lé ní mìlímítà 4,500 lọ́dún. Ti Ìbàdàn kò ju nǹkan bí 1,300 lọ. Oṣù Kẹfà àti oṣù Keje ló sì máa ń le jù.

Ohun méjì ni òjò yìí ń ṣe fún ilẹ̀ oníyanrìn. Àkọ́kọ́, ó ń fọ oúnjẹ ilẹ̀ lọ. Hóró iyanrìn tóbi, kò ní ohun tó fi ń di oúnjẹ mú bí amọ̀ ti ń ṣe. Ajílẹ̀ tí ẹ bá dà sí i lónìí, òjò ọ̀sẹ̀ méjì lè gbé e rì kọjá ibi tí gbòǹgbò ọmọ igi lè dé. Òjò náà tún máa ń jẹ́ kí ilẹ̀ kan, torí pé ó ń fọ àwọn ohun tó ń mú kí kíkan ilẹ̀ rọlẹ̀ lọ.

Èkejì, ní ibi tó wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá odò, omi inú ilẹ̀ máa ń gòkè wá nígbà òjò. Ẹ lè wo òkè kí ẹ rí i pé iyanrìn ti gbẹ, àmọ́ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì sísàlẹ̀, omi ti dúró. Gbòǹgbò píà kì í fara da èyí rárá. Bí omi bá bò ó fún ọjọ́ díẹ̀, kò ní lè mí mọ́, àrùn yóò wọ̀ ọ́, yóò jẹrà. Ewé á rọ bí ẹni pé omi kò tó igi náà. Ẹni tó bá rí i bẹ́ẹ̀ á tún bu omi sí i, ìyẹn ló sì máa ń pa á pátápátá.

ÌBÉÈRÈ MẸ́RIN KÍ Ẹ TÓ RA ỌMỌ IGI

Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn-ún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin yìí kí ẹ tó yọ owó lápò.

1. Ṣé omi ń dúró níbẹ̀?
Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Bí omi bá ń sun sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ ti rí ìdáhùn yín. Bí kò bá sun, ẹ bu omi kún un, ẹ jẹ́ kí ó fà tán, kí ẹ tún bù ú kún. Bí omi ẹlẹ́ẹ̀kejì bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ yín kì í tètè fa omi. Àsìkò òjò ni kí ẹ ṣe èyí. Ihò tí a gbẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè tan ni jẹ.

2. Ṣé iyọ̀ wà nínú ilẹ̀ náà?
Ibi tí odò bá ti pàdé òkun, iyọ̀ kì í jìnnà. Ẹ wo omi kànga: ṣé ó níyọ̀ lẹ́nu? Ẹ wo ojú ilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: ṣé nǹkan funfun ń hù lórí rẹ̀? Ẹ wo ewé ohun ọ̀gbìn: ṣé etí rẹ̀ ń gbẹ bí èyí tí iná jó? Bí ẹ bá rí méjì nínú mẹ́ta yìí, igi tó gba iyọ̀ ni kí ẹ wá.

3. Àyè mélòó ló wà?
Ẹ fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà láti ibi tí ẹ fẹ́ gbìn sí dé ara ògiri, dé kànga, dé ṣaláńgá tàbí sọ́kàwéè, kí ẹ sì gbójú sókè wo wáyà iná. Igi ńlá bíi máńgòrò nílò tó ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà sí ara ilé. Nílẹ̀ wa, ìbòòji igi ọ̀dán la máa ń rí láàárín ọjà àti níwájú ààfin, ìbòòji gidi sì ni. Ṣùgbọ́n ìta gbangba ni ààyè rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín ilẹ̀ àti ìpìlẹ̀ ilé. Ní Monrovia náà, igi àràbà ńlá kan wà ní erékùṣù Providence, níbi tí àwọn tó ti Amẹ́ríkà wá ti gúnlẹ̀ ní 1822. Ó dùn ún wò, àmọ́ kì í ṣe igi ẹ̀yìnkùlé.

4. Ọdún mélòó ló kù fún yín lórí ilẹ̀ náà?
Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Òfin ìpìlẹ̀ Làìbéríà ti 1986 sọ pé ọmọ ìlú nìkan ló lè ní ilẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú, yíyá ló máa yá a. Níbi tí èmi ti kọ́ ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé àgbẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa ni pé kí á fi ọdún tí èrè máa gbà kó tó dé wé ọdún tí a ní lọ́wọ́. Máńgòrò tí a gbìn láti inú kóró lè lo ọdún 5 sí 8 kó tó so. Èyí tí wọ́n ti lẹ ẹ̀ka igi tó ń so mọ́ lára lè so ní ọdún 3 sí 4. Bí ọdún mẹ́rin péré ló kù nínú ìwé àdéhùn yín, ẹlòmíràn lẹ ń gbin máńgòrò kóró fún. Kò burú láti gbìn fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ kí ẹ tó gbìn ín. Ẹ bá onílé sọ̀rọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé: ta ló ni igi, ta ló ni èso, ta ló lè gé e.

ÀWỌN IGI TÍ Ẹ LÈ YÀN, ÀTI ÌWÀ WỌN

Agúnmaniyè. Òun ni ìwé ń pè ní Gliricidia sepium. Àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ló ti wá, níbi tí wọ́n ti ń fi ṣe ìbòòji fún kòkó. Ó gba ilẹ̀ kíkan, ó gba ilẹ̀ tí kò lọ́ràá. Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ín tí ojú kò lè rí ń gbé nínú kókó ara gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n ń mú náítrójìn inú afẹ́fẹ́, wọ́n ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún igi. Bí ewé rẹ̀ bá wọ̀, tó jẹrà, náítrójìn yẹn á di ti ilẹ̀. Ẹ̀ka rẹ̀ ni à ń gé gbìn, kò gba owó púpọ̀, ó sì lè ga ju orí ènìyàn lọ kí ọdún kan tó pé. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ ní IITA, Ìbàdàn, ti ń gbin òun àti Leucaena ní ìlà-ìlà láàárín àgbàdo kí ilẹ̀ lè lọ́ràá. Ṣùgbọ́n Leucaena kì í fẹ́ ilẹ̀ tó kan. Fún ilẹ̀ bíi ti Monrovia, agúnmaniyè ló yẹ.
Àléébù rẹ̀: ó máa ń wọ ewé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí a nílò ìbòòji jù. Ẹ gé díẹ̀ nínú ẹ̀ka rẹ̀ bí òjò bá ń parí lọ; ewé tuntun tó bá yọ kì í tètè wọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi èso tàbí èèpo rẹ̀ ṣeré, torí ó ní májèlé. Àwọn kan ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà máa ń fi pa eku.

Igi furúùtù, tí àwọn mìíràn ń pè ní ebelebo. Bí ẹ bá dàgbà sí Èkó, ẹ ti ṣa èso rẹ̀ jẹ rí. Ọmọ etí òkun ni. Ó gba iyanrìn, ó gba iyọ̀, ó gba ìjì. Ẹ̀ka rẹ̀ ń nà tẹ́ẹ́rẹ́ bí agbòòrùn, ìbòòji rẹ̀ sì tutù.
Àléébù rẹ̀: ó máa ń tóbi púpọ̀, ewé rẹ̀ fẹ̀, ó sì ń wọ̀ wálẹ̀ rẹpẹtẹ. Ẹni tó ní àyè ni kó gbìn ín, kó sì jìnnà sí ọ̀nà omi òrùlé.

Máńgòrò. Ní Làìbéríà, “plum” ni wọ́n ń pè é, torí náà ẹ má jẹ́ kí orúkọ dà yín láàmú lọ́jà. Ewé rẹ̀ kì í wọ̀ tán lẹ́ẹ̀kan, ìbòòji rẹ̀ wà látọdún dé ọdún. Ó ń fara da omi tó dúró fún ìgbà díẹ̀ ju píà lọ, ó sì ń wù dáadáa lórí ilẹ̀ tí kò lọ́ràá bí a bá tọ́jú rẹ̀ ní ọdún méjì àkọ́kọ́.
Àléébù rẹ̀: ó ń fẹ́ àyè, kì í sì í yára.

Gbẹ̀rẹ̀fútù. Oúnjẹ àti ìbòòji lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fẹ́ràn òjò púpọ̀ àti ooru, ó sì gba iyanrìn tí omi ń tètè fà níbẹ̀. Èyí tí kò ní kóró, èèhù tó ń yọ láti ara gbòǹgbò igi àgbà la fi ń gbìn ín.
Àléébù rẹ̀: kò fẹ́ kí omi dúró pẹ́ nídìí rẹ̀. Bí ìdáhùn yín sí ìbéèrè àkọ́kọ́ bá burú, ẹ má gbìn ín láìmọ òkìtì sí i.

Kajú. Ó gba iyanrìn àti ilẹ̀ tí kò lọ́ràá dáadáa, ẹ̀ka rẹ̀ sì máa ń wálẹ̀ fẹ̀. Ìbòòji rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń retí èso, òjò Monrovia ti pọ̀ jù fún un. Ẹ̀ẹ̀rùn tó gùn ni òdòdó rẹ̀ ń fẹ́.

Èyí tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má gbìn sí irú ilẹ̀ yìí ni dóńgóyárò. Mo mọ̀ pé òun ni igi ìbòòji ní òkè Ọya, kò sì sí ilẹ̀ gbígbẹ tí kì í gbà. Ṣùgbọ́n ibi tí òjò ti kéré ló fẹ́. Ibi tí omi bá ti ń dúró, ikú rẹ̀ ni. Igi tó ṣe dáadáa ní Kánò lè má ṣe dáadáa ní Waterside.

ÌGBÁLẸ̀ LÓ Ń SỌ ILẸ̀ WA DI AKÚṢẸ̀Ẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ jù lọ nìyí.

Láàárọ̀, a máa ń gbá àgbàlá wa títí iyanrìn á fi mọ́ fínnífínní. A ó kó ewé jọ, a ó ṣáná sí i. Ìmọ́tótó ni, kò sí ẹni tó ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: gbòǹgbò igi ti wá oúnjẹ lábẹ́ ilẹ̀, ó ti gbé e sínú ewé. Ewé wọ̀, ó fẹ́ dá oúnjẹ yẹn padà. Àwa gbá a, a sun ún. Náítrójìn inú rẹ̀ di èéfín. Eérú tó kù, òjò gbá a lọ sínú gọ́tà. Lọ́dún tó ń bọ̀, a ó tún ní ilẹ̀ yìí kò lọ́ràá.

Lórí iyanrìn, ewé jíjẹrà yìí nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ tí amọ̀ ì bá ṣe. Òun ló ń di omi mú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun náà ló ń di ajílẹ̀ mú nígbà òjò. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Bí ó bá pẹ́ lórí iyanrìn, yóò di ilẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: “Ejò ńkọ́? Ẹ̀fọn ńkọ́? Àwọn aládùúgbò á ní ilé wa dọ̀tí.” Kò dí yín lọ́wọ́ láti gbálẹ̀. Ẹ fi òkúta tàbí igo ṣe àmì yíká ìdí igi, kí fífẹ̀ rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí mẹ́rin lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbá ìyókù àgbàlá bí ẹ ṣe ń gbá a, kí ẹ da ewé sínú àmì yẹn. Kí ewé ga níwọ̀n ìka mẹ́rin, kó má kan ara igi gan-an, kí ìdí igi má baà rà. Ẹ yọ ọ̀rá, agolo àti ohunkóhun tó lè gba omi dúró kúrò nínú rẹ̀, torí inú ìwọ̀nyẹn ni ẹ̀fọn ń yé sí.

BÍ A ṢE Ń GBÌN ÍN

Fún ibi tí omi ń dúró, ẹ má gbẹ́ ihò sísàlẹ̀. Òkìtì ni kí ẹ mọ. Kí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ sí méjì, kí ó sì fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Iyanrìn ibẹ̀ náà ni kí ẹ lò, kí ẹ pò ó mọ́ ewé tó ti jẹrà àti ìgbẹ́ adìyẹ tó ti gbó. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù máa ń jó gbòǹgbò. Ẹ lè wọ́n eérú igi ìdáná díẹ̀ sí i, ó ń dín kíkan ilẹ̀ kù. Ẹ̀kúnwọ́ méjì tó. Ẹ má da garawa lé e.

Fún agúnmaniyè, ẹ gé ẹ̀ka tó ti gbó díẹ̀, tó nípọn tó àtàǹpàkò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí márùn-ún. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má dorí rẹ̀ kodò: ibi tó wà lápá ìdí igi ni kó wọlẹ̀.

Ìparí oṣù Kẹrin sí oṣù Karùn-ún ló dára jù ní Monrovia, kí gbòǹgbò ti di ilẹ̀ mú kí òjò oṣù Kẹfà tó dé.

Bí ẹ bá fẹ́ lo ajílẹ̀ NPK, ẹ má dà á lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀kúnwọ́ kékeré kan, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà, lẹ́yìn ìgbà tí igi bá ti yọ ewé tuntun. Ẹ yẹra fún oṣù Kẹfà àti oṣù Keje. Ẹni tó bá da ajílẹ̀ sórí iyanrìn nígbà yẹn, odò Mesurado ló ń bọ́.

OHUN TÍ A SỌ FÚN ÌYÁ

A ní kí ìyá gbẹ́ ihò wò. Omi sun sínú rẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ tán. Omi kànga wọn kò níyọ̀. Láti ògiri dé ọgbà, ogún ẹsẹ̀ bàtà ni. Ọdún mẹ́fà ló kù nínú ìwé àdéhùn wọn.

Nítorí náà, agúnmaniyè mẹ́ta ni a ní kí wọ́n gbìn sí ẹ̀bá ọgbà, lápá ibi tí oòrùn ọ̀sán ti ń wọlé, kí wọ́n máa gé orí rẹ̀ kó má ga ju òrùlé lọ. Ewé tí wọ́n bá gé, kí wọ́n dà á sórí òkìtì kan tí wọ́n máa mọ báyìí. Lọ́dún tó ń bọ̀, bí òkìtì yẹn bá ti dúdú díẹ̀, kí wọ́n gbin máńgòrò kan ṣoṣo sí i, èyí tó ti ní ẹ̀ka igi tó ń so lára, kí wọ́n máa gé e kó má fẹ̀ jù, torí ogún ẹsẹ̀ bàtà kò tó fún un láti ṣe bó ṣe wù ú. Kí wọ́n sì bá onílé fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó gbìn ín. Ọdún mẹ́fà gbà á, ó sì kù díẹ̀ láti jẹ èrè rẹ̀.

Ìyá rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀. Wọ́n ní, “Ó tó ogún ọdún tí mo ti ń sun ewé.” Mo ní, “Ẹ má dá ara yín lẹ́bi, Mà. Ilé tí wọ́n ti tọ́ wa náà, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é.”

Ẹ̀yin náà, kí òjò tó dé, ẹ mú ṣọ́bìrì, ẹ gbẹ́ ihò yẹn. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa pẹ̀lú ìdáhùn yín sí ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A ó bá yín wo igi tó yẹ. Títí ìgbà náà, ẹ fi ewé sílẹ̀ nídìí igi.

Ire oko o.